Ejò Tí Ó Kọ Oorun Ìgbà Òtútù

Ejò náà nà gbalaja lórí tábìlì ẹ̀yìn ọ́fíìsì àwọn ọlọ́pàá. Orí rẹ̀ ti fọ́, ara rẹ̀ rí bí okùn tí ẹnì kan gbàgbé sínú oòrùn, wọ́n sì ti gé ìrù rẹ̀ kù. Níbi tí ṣaworo tí irú ejò yìí ń mì kìlọ̀ kó tó bu ènìyàn ṣán ì bá wà, ojú ọ̀bẹ nìkan ló wà níbẹ̀. Ejò oníṣaworo tí kò ní ṣaworo: ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ ti wà ńlẹ̀.

Refugia Tánori fa àga sún mọ́ ọn. Ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ló ti ń ṣe ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ ní apá gúúsù Arizona, níbi tí igi ọrọ́ ti pọ̀ ju ènìyàn lọ. Darandaran ni bàbá tó bí i, ó ń da màlúù lójúmọmọ, ó ń ta gìtá nírọ̀lẹ́, ìdí nìyẹn tí ọmọ rẹ̀ kì í fi í ronú láìkọrin. Bí ọ̀rọ̀ bá ti le, orin á ti bọ́ sí i lẹ́nu, wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, bí ẹni ń rẹ ọmọ:

*Òjò ò rọ̀, òjò ò rọ̀,*
*Màlúù gbójú sókè, ó ń bi sánmà léèrè.*
*Sánmà ò dáhùn,*
*Eruku ló ń dáhùn.*

"Orin ti tún dé," ni Harlan Stroud wí láti ẹnu ọ̀nà. Òun ni ọ̀gá àwọn ọlọ́pàá ibẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógójì, tí ikùn rẹ̀ máa ń ṣáájú rẹ̀ wọlé. "Ìyá Tánori, ẹjọ́ yìí ti parí. Màmá Delfina ló ṣe é. Lọ́jọ́ Ajé la ó gbé e lọ síwájú adájọ́."

"Ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin, tí kò lè gun àtẹ̀gùn láìdúró mí. Ọ̀gá, bí ẹ bá fi í ránṣẹ́ sẹ́wọ̀n, òkú rẹ̀ ni wọn yóò gbé padà wá."

"Anselmo náà ò padà wálé."

Òótọ́ ni. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé tó kọjá, Anselmo Quihuis, olówó màlúù, jáde lọ sí ilé ẹ̀rọ omi rẹ̀ láago mẹ́fà gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀, ó fẹ́ tan ẹ̀rọ kànga. Ó ṣí àpótí iná tó wà lára ògiri. Ejò tó wà nínú rẹ̀ bù ú ṣán lọ́wọ́. Bó ti tẹ̀ síwájú, ó tún bù ú ṣán lọ́rùn. Ariwo ẹ̀rọ ti di ọkùnrin náà létí láti ọdún pípẹ́, kò lè gbọ́ ṣaworo. Ọkàn rẹ̀ sì ti ń ṣe ségesège. Kò rìn ju ogún ìṣísẹ̀ lọ tó fi ṣubú. Àbúrò ìyàwó rẹ̀, Baltasar Grijalva, ló bá òkú rẹ̀ níbẹ̀ lọ́sàn-án, òun náà ló fi ṣọ́bìrì pa ejò náà.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kò sẹ́ni tó béèrè nǹkan kan. Oṣù kejì ọdún la wà, ìgbà tó yẹ kí ejò ṣì máa sùn lábẹ́ àpáta, ṣùgbọ́n ọdún kẹta rèé tí ìgbà òtútù ò ti mọ iṣẹ́ rẹ̀ mọ́. Àwọn ọmọdé ń wẹ̀ níta nígbà Kérésìmesì. Ìyá kan bá ejò nínú bàtà ọkọ rẹ̀. "Ooru ni," ni gbogbo ìlú wí, wọ́n mi orí, wọ́n bu kọfí sí i. Stroud ti ń wá bírò tí yóò fi kọ ọ́ pé ooru ló jí ejò, ejò ló pa ọkùnrin, kí wọ́n ti fáìlì pa. Ìgbà tó wo ìrù ejò ló tó béèrè lọ́wọ́ Baltasar pé, "Ṣaworo rẹ̀ dà?"

Baltasar ní, "N ò rí i, ọ̀gá. Bí mo ṣe bá a nìyẹn."

Ibẹ̀ ni ọ̀ràn ti yí sórí Delfina Urías. Ìyá náà ti ń ka ejò orí òkè tó wà lẹ́yìn oko Anselmo láti ọdún méjìlélógún, ó ń mú wọn, ó ń fi ọ̀dà kun ṣaworo wọn kó lè dá wọn mọ̀. Ta ni yóò fẹ́ gé ṣaworo sọnù bí kò ṣe ẹni tí ọ̀dà rẹ̀ wà lára rẹ̀?

"Ó dá yín lójú púpọ̀," ni Refugia wí.

"Ó dá ẹ̀yin náà lójú. Ẹ kàn ń kọrin ni."

*

Delfina jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì nínú àtìmọ́lé, ó ká ẹsẹ̀ sókè bí ọmọge.

"Jókòó, Refugia. Ibí yìí dáa. Iná mànàmáná ń tàn tọ̀sán-tòru. Nínú ọkọ̀ àlòkù tí mo fi ṣe ilé, fìtílà ni mò ń tàn, bí ilẹ̀ bá sì ti ṣú, òtútù àti èmi la jọ ń sùn. Bẹ́ẹ̀dì wọn nìkan ló burú. Àwọn ejò mi sùn lórí òkúta tó rọ̀ jù ú lọ."

"Màmá, ẹ sọ ọ́ ní ìsọ̀ oúnjẹ màlúù, níwájú ènìyàn mẹ́wàá, pé ejò yóò bu Anselmo ṣán."

"Mo sọ ọ́. Ó fẹ́ fọ́ àpáta tó bo ibùba wọn, ó ní páìpù òun fẹ́ gba ibẹ̀ kọjá. Mo ní bó bá wó ilé wọn, tirẹ̀ ni wọn yóò wá gbé. Ṣé èpè nìyẹn? Bí a bá sọ fọ́mọ pé iná á jó o, ṣé àwa la dá iná?"

"Mélòó ló kù lórí òkè?"

Ìyá náà wo ọwọ́ ara rẹ̀. "Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, mẹ́tàlélọ́gọ́ta. Lóṣù kẹwàá tó kọjá, mọ́kàndínlógún."

"Àwọn ènìyàn ń sọ pé ooru ti sọ wọ́n di púpọ̀."

"Ènìyàn rí ọ̀kan nínú bàtà, ó ní wọ́n pọ̀. Gbọ́. Ejò tó sùn kì í ná ọ̀rá ara rẹ̀ tán, díẹ̀díẹ̀ ló ń lá a bí ẹni ń lá oyin. Èyí tí ooru bá jí, á jáde, á máa rìn kiri, á máa ná ọ̀rá bí ọmọ olówó. Kí ló máa jẹ? Ọ̀dá ti pa koríko, eku ti tẹ̀ lé koríko lọ. Ìgbà tí ẹ̀ẹ̀rùn gidi yóò bá fi dé, awọ àti egungun ló kù. Wọn ò pọ̀, Refugia. Wọ́n ń kú níta ni, ẹ̀ ń rí wọn."

Refugia sún mọ́ ọn. Ó wá ní, "Ẹ ṣàlàyé ọ̀dà fún mi."

"Oríkèé ṣaworo tó sún mọ́ ara jù ni mo ń kùn. Ọdún kan, àwọ̀ kan. Lóṣù kẹwàá, bí wọ́n ti ń wọ ibùba, àwọ̀ ewé ni mo kun gbogbo wọn. Bí ejò bá bọ́ awọ, oríkèé tuntun á yọ láàárín ara rẹ̀ àti èyí tí mo kùn. Ẹni bá ka oríkèé tí kò lọ́dà láti ìdí wá, ó ti mọ iye ìgbà tó bọ́ awọ."

"Ta ló mọ èyí yàtọ̀ sí ẹ̀yin?"

"Ta ló bi mí rí? Baltasar bá mi ṣiṣẹ́ fún ẹ̀ẹ̀rùn méjì, ó ń fi ọ̀pá mú orí wọn kí n lè kùn ún. Orin ló ń kọ. Kò béèrè."

"Èyí tó bá ń sùn ńkọ́, ṣé ó ń bọ́ awọ?"

"Rárá. Èyí tébi ń pa náà kì í bọ́ ọ. Ta ló ń rán aṣọ tuntun nígbà ìyàn?" Ó na ìka kan sí Refugia. "Ẹ ti la ikùn rẹ̀?"

"A ò tíì là á."

"Ẹ là á. Bó bá ṣe pé orí òkè mi ló ti wá tààrà, ẹ ò ní rí ọ̀rá tó kún ṣíbí."

*

Wọ́n là á. Stroud fi áńkáṣíìfù bo imú. Ọ̀rá funfun tó pọ́n díẹ̀ wà nínú ejò náà láti àyà dé ìdí, ó nípọn, ó ń dán, bí ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ ọdún. Nísàlẹ̀ ìfun, Refugia fi abẹ́rẹ́ fa ohun kékeré kan yọ. Ó fọ̀ ọ́ nínú omi, ó tẹ́ ẹ sórí bébà. Ìhùùhù ni, pupa rúsúrúsú bí ẹyin tí a lù.

"Ó jẹ ẹyẹ," ni Stroud wí.

"Ó jẹ òròmọdìẹ. Ọ̀gá, ẹyẹ inú igbó wo lẹ mọ̀ tí ìhùùhù rẹ̀ pọ́n báyìí? Ẹnì kan ti ń bọ́ ejò yìí. Ó gbé e sílé, ó fún un lóúnjẹ, ó wá lọ tì í mọ́nú àpótí."

"Màmá Delfina."

"Àwọn ejò tó kù sílẹ̀ fún un, ó lè kà wọ́n lọ́wọ́. Kí ló dé tí yóò fi ọ̀kan ṣòfò? Kò sì ní adìẹ."

Stroud họ ọrùn. "Eduviges ló ní adìẹ."

Eduviges ni ìyàwó Anselmo, opó ọjọ́ mẹ́rin. Òun ló ń ta ẹyin fún gbogbo ìlú. Wọ́n sì ti ń sọ ọ́ lẹ́nu wúyẹ́wúyẹ́ pé láti ọjọ́ Ajé, kò sẹ́ni tó rí omijé lójú rẹ̀.

*

Eduviges mú Refugia lọ sílé ẹ̀rọ omi. Oòrùn àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ ti ń ta bíi ti oṣù karùn-ún. Obìnrin náà ga, ó gbẹ, ó wọ dúdú látòkè délẹ̀, kọ́kọ́rọ́ kan sì rọ̀ sí i lọ́rùn níbi tí àwọn obìnrin mìíràn ń fi àgbélébùú sí.

Àpótí iná náà wà lára ògiri, ó ga dé àyà. Ìlẹ̀kùn rẹ̀ ní ìkọ́.

"Báwo lejò ṣe débẹ̀?"

"Wọ́n ní ó gba inú páìpù tí wáyà iná gbà wọlé, ẹ̀gbọ́n. Baltasar ló sọ bẹ́ẹ̀."

Refugia ki àtàǹpàkò rẹ̀ bọ ẹnu páìpù náà. Ó há. Ejò tó wà lórí tábìlì yẹn tóbi tó ọrùn ọwọ́ ọkùnrin. Refugia fa ọwọ́ yọ, ó nù ún, orin ló ń kùn lábẹ́ ahọ́n.

Ó fi ojú tẹ̀ lé páìpù omi kan. Páìpù náà jáde lára ògiri, ó gba abẹ́ wáyà ọgbà kọjá sí ilẹ̀ Baltasar, ṣùgbọ́n ní ibi wáyà gan-an, wọ́n ti ẹnu rẹ̀ pa, àgádágodo sì wà lára rẹ̀.

"Ta ló tì í?"

"Ọkọ mi. Láti oṣù kẹfà ọdún tó kọjá. Kànga Baltasar ti gbẹ. Tiwa náà ń lọ sílẹ̀. Anselmo ní ẹni bá ń bu fún aládùúgbò, àwọn méjèèjì ni yóò jọ gbẹ."

"Ìwọ ńkọ́?"

"Mo kúnlẹ̀ fún un. Ẹ̀ẹ̀mejì. Ó fi kọ́kọ́rọ́ kọ́rùn, ó ń gbé e sùn." Ó fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́ tó wà lọ́rùn tirẹ̀.

"Láti ọjọ́ Ajé ló ti wà lọ́wọ́ rẹ. O ò ṣí i."

"Òkú ò tíì wọlẹ̀, ẹ̀gbọ́n."

Nínú ọgbà adìẹ, àgbébọ̀ mẹ́jọ ń họ ilẹ̀. Refugia wò yíká. "Àwọn òròmọdìẹ rẹ dà?"

"Wọ́n ti tán."

"Kí ló jẹ wọ́n?"

"Kí ló ń jẹ òròmọdìẹ?" Ojú obìnrin náà kúrò lára Refugia, ó lọ sí òdìkejì wáyà, ó padà wálẹ̀. Ó yára, ṣùgbọ́n Refugia ti rí i. Ó rò ó pé: obìnrin tó kúnlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ṣé ó ti dìde lẹ́ẹ̀kẹta pẹ̀lú ejò lọ́wọ́? Ọ̀ràn náà kò dùn mọ́ ọn nínú, nítorí ó fẹ́ràn Eduviges.

Bó ti fẹ́ wọ ọkọ̀, Baltasar yọ lẹ́yìn ilé, gìtá lẹ́yìn, àkẹtẹ̀ lórí, ẹ̀rín lẹ́nu, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú rẹ̀ ti jìn wọ inú.

"Ẹ̀gbọ́n Refugia, wọ́n ní ẹ̀ ń fi ìka wọn páìpù. Ṣé ìjọba ò lè ra rúlà fún yín ni?"

"Wọ́n ti fi owó rúlà ra kọfí. Baltasar, o ò gé ṣaworo ejò yẹn?"

"Òkú àna mi wà nílẹ̀, ẹ ní kí n máa wá nǹkan ìṣeré." Ó sọ àkẹtẹ̀ kalẹ̀. "Ṣé Màmá Delfina ń jẹun níbẹ̀? Ẹ jẹ́ kí wọ́n fún un ní ẹ̀wà rírọ̀. Eyín rẹ̀ ò dáa."

Ó wí i tàánútàánú. Refugia ronú lé e lórí gbogbo ọ̀nà tó fi dé ọ́fíìsì.

*

Ọjọ́ Ẹtì, láago mẹ́ta ọ̀sán, wọ́n sin Anselmo. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́ eruku sínú sàréè ṣáájú kí wọ́n tó gbé pósí sí i. Àlùfáà gbàdúrà, ó kúrú, nítorí oòrùn. Stroud dúró lẹ́yìn, ó ń làágùn. Baltasar bọ́ síwájú pẹ̀lú gìtá tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un, ó kọrin fún òkú gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń ṣe níbẹ̀:

*Ẹ bá mi kí ọ̀rẹ́ tó ń lọ,*
*Tó ń lọ sílé tí ò ní fèrèsé.*
*Kò mú omi, kò mú fìlà,*
*Òǹgbẹ ibẹ̀ yàtọ̀ sí tibí.*

Ohùn rẹ̀ dùn. Àwọn obìnrin ń sunkún. Refugia kò sunkún. Ó ti dẹ etí sílẹ̀. Nínú ikùn gìtá náà, lábẹ́ okùn, nǹkan kan ń dún. *Ṣẹ̀rẹ̀. Ṣẹ̀rẹ̀.*

Ó mọ ohùn yẹn láti kékeré. Ní ilẹ̀ yẹn, olórin tó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í fi gìtá sílẹ̀ lófìfo. Ejò tó bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa, á gé ṣaworo rẹ̀, á sọ ọ́ sínú gìtá kí ohùn má baà ṣá. Kò gbọdọ̀ bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn kó tó kọ orin àkọ́kọ́ sí i, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, agbára ṣaworo náà ti kú. Èyí tí wọ́n sì ń lá àlá rẹ̀, tí bàbá tirẹ̀ pàápàá kò rí títí ó fi kú, ni ṣaworo ejò tó pa ènìyàn.

Refugia di ojú. Ṣaworo àtijọ́ máa ń dún gbẹ, bí èèpo ẹ̀pà. Ó gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n òmíràn tún wà lábẹ́ rẹ̀, tó wúwo, tó ṣì ní ẹran lára. Àgbà kan, ọmọ kan.

Wọ́n da yẹ̀pẹ̀ tán. Àwọn ènìyàn pagbo yí ẹ̀yìn ọkọ̀ kan ká, níbi tí wọ́n ti tẹ́ aṣọ funfun, tí kọfí àti búrẹ́dì aládùn wà lórí rẹ̀. Refugia lọ bá Baltasar.

"Yá mi ní gìtá bàbá rẹ kí n fi orin kan sin òkú."

Ọkùnrin náà di ọrùn gìtá mú. "Okùn rẹ̀ ti dẹ̀, ẹ̀gbọ́n."

"Ìka mi náà ti dẹ̀."

Gbogbo ojú ti wà lára wọn. Kò sẹ́ni tó ń fi gìtá du ẹlòmíràn níbi ìsìnkú. Kò ṣẹlẹ̀ rí. Baltasar gbé e fún un. Refugia ta á díẹ̀, ó kọ ẹsẹ kan. Lẹ́yìn náà ó dojú gìtá dé, ó gbọ̀n ọ́n bí ẹni ń gbọn ata gbígbẹ nínú ìgò. Ṣaworo méjì já bọ́ sórí aṣọ funfun. Ọ̀kan ti gbó, ó rí bí eérú. Èkejì ṣì ń dán, ojú ọ̀bẹ sì wà nídìí rẹ̀.

"O ní kò ní ṣaworo," ni Stroud wí.

"Mo purọ́, ọ̀gá." Baltasar gbìyànjú láti rẹ́rìn-ín. "Bí mo bá sọ òótọ́, ẹ̀ bá gbà á, ẹ̀ bá dì í mọ́nú àpò ọ̀rá lọ́fíìsì. Gbogbo olórin tó wà níbí ló mọ ohun tó jẹ́. Ejò tí èmi pa ni. Ẹ̀ṣẹ̀ wo ló wà níbẹ̀?"

Àwọn ọkùnrin mélòó kan mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Refugia náà mi orí.

"Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀. Bàbá mi ì bá ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀gá, ẹ gbé e, ẹ kà á."

Stroud gbé e súnmọ́ ojú. "Ọ̀dà aláwọ̀ ewé. Màmá Delfina nìyẹn. Mo ti wí."

"Oṣù kẹwàá ló kùn ún, oríkèé tó sún mọ́ ara jù. Mélòó ló wà láàárín ọ̀dà yẹn àti ojú ọ̀bẹ?"

"Ọ̀kan. Méjì."

"Ejò yìí bọ́ awọ lẹ́ẹ̀mejì láti oṣù kẹwàá. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wà lábẹ́ àpáta, wọ́n ń sùn, ebi ń pa wọ́n. Ẹnikẹ́ni nínú wọn kò bọ́ ọ. Òun nìkan ló ń rán aṣọ tuntun. Ibi tó móoru ló wà, tọ̀sán-tòru, fún oṣù mẹ́rin, ó ń jẹ òròmọdìẹ. Màmá Delfina tí ẹ tì mọ́lé, fìtílà ló ń tàn. Nínú ìlú yìí, ọ̀gá, àpótí wo ló ń móoru tọ̀sán-tòru tí òròmọdìẹ sì ń wà nínú rẹ̀?"

Stroud yíjú sí Eduviges. Gbogbo ènìyàn yíjú sí i. Opó náà kò wo ẹnì kankan nínú wọn. Àbúrò rẹ̀ ló ń wò.

"Àpótí oníná tí mo fi ń tọ́ òròmọdìẹ," ni ó wí, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Lóṣù kẹwàá lo wá yá a. O ní àparò lo fẹ́ sìn. O tún ń wá gba òròmọdìẹ, o ní àwọn ni yóò máa kọ́ ọmọ àparò bí wọ́n ti ń ṣa oúnjẹ. Mo fún ọ títí wọ́n fi tán. Baltasar, àwọn àparò náà dà?"

Kọfí ń tutù nínú kọ́ọ̀bù. Baltasar jókòó sórí bọ́ńpà ọkọ̀, ó bọ́ àkẹtẹ̀ rẹ̀, ó gbé e lé orúnkún.

"Mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n," ni ó wí. "Màlúù mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni mo fi ìbọn mi pa, ẹ̀gbọ́n Refugia, nítorí wọn ò lè dìde mọ́. Wọ́n ń gbọ́ omi tó ń dà sínú ọpọ́n tirẹ̀ ní òdìkejì wáyà. Wọ́n á kọ orí síbẹ̀ títí ẹ̀mí wọn á fi bọ́. Mo lọ bẹ̀ ẹ́. Ó ní òun ò gbọ́ mi dáadáa, etí ń dùn ún."

"Delfina ńkọ́? Ìyá náà ò ṣe ọ́ ní nǹkan kan."

"Ẹ̀yin lẹ mú un, kì í ṣe èmi. Èmi ní ooru ni. Gbogbo yín náà ní ooru ni." Ó wo ilẹ̀. "N ò tilẹ̀ purọ́ púpọ̀."

Stroud fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí i lọ́wọ́. Nígbà tí wọ́n ń mú un lọ, ó bojú wẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan, ó wo gìtá náà, kì í ṣe ènìyàn.

*

Láàárọ̀ Àbámẹ́ta, Refugia gbé Delfina lọ sílé. Ìyá náà ṣí fèrèsé ọkọ̀, ó na imú síta bí ajá.

Nígbà tí wọ́n dé ibi wáyà, Refugia tẹ búréèkì. Eduviges wà lórí ìkúnlẹ̀ nínú eruku, nínú aṣọ ọ̀fọ̀, sípánà lọ́wọ́. Àgádágodo ti wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó yí sípánà náà lẹ́ẹ̀kan, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Páìpù náà húkọ́ kọ́ọ́kọ́ọ́, ó pọ eruku, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í pọ omi. Màlúù méje tó kù fún Baltasar ń bọ̀ láti òdìkejì, wọ́n rọra ń bọ̀, bí ẹni tí kò gba ohun tó ń gbọ́ gbọ́.

"Àwọn wọ̀nyí ò pa ẹnikẹ́ni," ni Eduviges wí. Ìgbà yẹn ni omijé tó dé.

Wọn kò pẹ́ níbẹ̀. Wọ́n wakọ̀ dé ẹsẹ̀ òkè. Níbẹ̀ ni Delfina ti di apá Refugia mú kó lè gùnkè, ó ń mí hẹ̀ẹ́hẹ̀ẹ́, ó ń dúró, ó tún ń gùn.

"Nítorí náà, wọ́n ti kọ ọ́ sínú fáìlì pé ooru kò jẹ̀bi," ni ó wí.

"Nínú ẹjọ́ Anselmo, kò jẹ̀bi."

"Wá wo ẹjọ́ kejì."

Ní ẹnu ibùba, lórí àpáta tó ti gbóná láago mẹ́wàá àárọ̀ oṣù kejì, àwọn ejò náà wà níta. Wọ́n ká, wọn ò sì yíra padà nígbà tí òjìji ènìyàn bò wọ́n. Egungun ẹ̀yìn wọn yọ sókè bí eyín ìyarun. Ọ̀kan gbìyànjú láti mi ìrù. Ó dún lẹ́ẹ̀kan, ó rẹ̀ ẹ́. Àwọ̀ ewé wà lára oríkèé tó kángun sí ara gbogbo wọn. Lẹ́yìn rẹ̀, kò sí tuntun kankan.

Delfina yọ ìwé rẹ̀ nínú àpò. Ó kà wọ́n, ó ń na ìka sí wọn, ẹnu ń mì. Ó kà wọ́n lẹ́ẹ̀kejì. Refugia fẹ́ kọrin, orin kò bọ́ sí i lẹ́nu.

"Mọ́kànlá," ni ìyá náà wí, ó kọ ọ́ sílẹ̀. "Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́, èyí ńkọ́? Ta la fẹ́ fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí lọ́wọ́?"

Refugia wo ọkọ̀ rẹ̀ tó wà nísàlẹ̀, tí èéfín, irú èyí tí wọ́n ní ó ń mú ayé gbóná, ṣì ń jáde nídìí rẹ̀, nítorí kò pa á kó tó sọ̀ kalẹ̀. Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀ méjèèjì. Ó wá sọ̀ kalẹ̀ lọ pa ọkọ̀ náà, ó tún gun òkè padà, ó jókòó ti ìyá náà.